Òkè Kan ní Orhuwhorun

Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, torí tí mi ò bá tètè sọ ọ́, ó lè gbẹ̀mí mi. Àga gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ya ilẹ̀ sórí bébà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ti ń wọlé tààrà, èmi ló ni ín báyìí. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, èmi ọmọ tí wọ́n tọ́ ní yàrá kan ṣoṣo ní Igbudu, ní Wàrí níbí. Mo jí lónìí, mo wọ bàtà gogoro mi, mo rẹ́rìn-ín sí garawa. Garawa lásán! Ṣùgbọ́n àwa méjì la jọ ń du àga yẹn, ẹnì kejì mi sì mọ iṣẹ́ jù mí lọ, mo sì jowú ẹ̀ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹlòmíì. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ mọ bí Wàrí ṣe rí látìgbà tí owó epo ti dé. Ẹni tó lè wakọ̀ ń ríṣẹ́, ẹni tó lè jó irin ń ríṣẹ́, ẹni tó kàn lè sọ "yes sir" láì rẹ́rìn-ín, òun náà ń ríṣẹ́. Lójú ọ̀nà Ekpan, ilé tí ò sí níbẹ̀ lóṣù tó kọjá ti lórùlé lóṣù yìí. Gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn, kí wọ́n tó kọ́ ọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti wọn ilẹ̀ ẹ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì wa nìyẹn. Àwọn tó ń wọnlẹ̀ á gbé ẹ̀rọ wọn wọgbó lọ, ẹ̀fọn á jẹ wọ́n, wọ́n á sì gbé bébà tí wọ́n fi pẹ́ńsù ya ilẹ̀ náà sí bọ̀. Àwa á wá tẹ́ bébà míì lé e lórí, èyí tó mọ́ gaara téèyàn fi lè rí abẹ́ ẹ̀, àá máa fi pẹ́nì oníyíǹkì tẹ̀ lé gbogbo ìlà náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ò gbọdọ̀ mí.

Àwọn ìlà kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kọ́ńtọ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀nà, wọn kì í ṣe odò, tó o bá dé orí ilẹ̀ gan-an o ò ní rí wọn. Ohun tí kọ́ńtọ̀ ń sọ ni pé gbogbo ibi tí òun bá gbà kọjá, gíga kan náà ni wọ́n ní. Tí àwọn ìlà bá fún mọ́ra, ilẹ̀ ibẹ̀ ga bí ògiri. Tí wọ́n bá jìnnà síra, ilẹ̀ tẹ́jú. Ìlà kan ò gbọdọ̀ gun orí èkejì, kò sì gbọdọ̀ kú sáàárín bébà bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà sí i lára, iye ẹsẹ̀ bàtà tí ibẹ̀ fi ga ju òkun lọ.

Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, baba kan tó ní awò méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí, tó sì máa ń wá ẹ̀kẹta kiri. Ọjọ́ kan náà ló gba àwa ọmọbìnrin méjèèjì. Ó ní, "Oṣù mẹ́ta ni màá fi wò yín. Àga kan ló wà. Mi ò lè fi ayùn là á sí méjì."

Ẹnì kejì mi jẹ́ ọmọ Èkìtì. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ ìfọpo ní Ekpan, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló wá gbé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀, ó sì máa ń fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí íǹkì kó lè gbẹ, fùù, bí ẹni ń fẹ́ ojú ọmọ tí nǹkan kó sí lójú. Mo kórìíra fùù yẹn. Ìlà tèmi máa ń nípọn níbì kan, kó tín-ín-rín níbòmíì, bí ẹni tó ń fà á ń kọsẹ̀. Tiẹ̀ dà bí irun orí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọwọ́ nìkan kọ́. Máàpù àtijọ́ kan wà lára ògiri, ilẹ̀ olókè ni, òun lọ̀gá fi ń kọ́ wa. Lọ́sẹ̀ kìíní, mo bá ọmọ Èkìtì yìí níwájú ẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Kí lo rí?"

Ó ní, "Wo ibí. Tó o bá ń gùn ún bọ̀ láti ìsàlẹ̀, tó o bá dé ibí yìí, wàá rò pé o ti dókè. O ò tíì dé! Wàá tún rí òmíì lókè tó ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ibí yìí wá fẹ̀ díẹ̀. Ibí làwọn ìyá àgbà ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi."

"Ṣé o mọ ibẹ̀ ni?"

"Mi ò dé ibẹ̀ rí. Ìlà ló sọ ọ́."

Ìlà ló sọ ọ́! Èmi náà wò ó. Mo wò ó títí ojú ń ro mí. Gbogbo ohun tí mo rí ò ju àtẹ̀ka lọ, irú èyí tí ẹni tí ò mọ̀wé máa ń tẹ̀ sábẹ́ ìwé. Kí ni mo mọ̀ nípa òkè? Ní Wàrí, tí wọ́n bá ní nǹkan ga, igi àgbọn ni, tàbí ilé alájà méjì, tàbí bàtà ẹnì kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti mú mi lọ sí Ìjẹ̀bú láyé mi, mo sùn nínú mọ́tò lọ, mo sùn bọ̀. Ọmọ yìí ti gun òkè lọ sí ilé ìwé láràárọ̀, ó ti gbé omi sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó ti ṣubú lórí òkè, àpá ẹ̀ wà ní orúnkún ẹ̀. Mo jowú àpá! Ẹ gbọ́ nǹkan, mo jókòó sórí àga, mo ń wo orúnkún ọmọ ọlọ́mọ, inú ń bí mi pé orúnkún tèmi jọ̀lọ̀.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ọmọ Olókè. Ó sì ń pe èmi ní Ọmọ Odò. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ nínú mi, ata ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kan... rárá o, ilẹ̀ ò tíì ṣú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pèrun ìrọ̀lẹ́ ni. Ìyá mi ti dé láti ọjà Igbudu, níbi tó ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì àti síìpù. Ó tẹ ẹ̀bà, ó dà á sínú àwo, ẹ̀bà náà sì dúró gaga, ó ní orí méjì. Ni mo bá ń wò ó. Mo fa òwú kan yọ nínú igbá ọjà ẹ̀, mo nà án, mo sì fi gé ẹ̀bà náà nídùbúlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ní ìpele ìpele. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀. Mo gbé ìpele tó tóbi jù síbẹ̀, mo fi pẹ́ńsù yà á yíká. Mo gbé e kúrò, mo gbé èyí tó tẹ̀ lé e sáàárín ẹ̀, mo tún yà á.

Ìyá mi jáde láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọbẹ̀. Ó dúró.

"Kí lò ń fi oúnjẹ ṣe?"

"Òkè ni mò ń gé, mà."

"Òkè." Ó gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bá wèrè sọ̀rọ̀. "Àwọn elépo yín, ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ nìyí? Kẹ́ ẹ máa fi òwú gé ẹ̀bà? Òwú tí mo rà lówó?"

"Mà, ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́, ó ku méjì."

Ó jókòó, ó ń mi orí. Mo ya èyí tó kéré jù tán, méjì ni, ọ̀kan fún orí kọ̀ọ̀kan. Mo wo bébà náà, àtẹ̀ka ni mo ṣì rí. Àfi bí ìyá mi, tí ò lọ sílé ìwé rí láyé ẹ̀, ṣe na ìka tó lóróró ọbẹ̀, tó fi kan ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí àwọn ìlà ti fún pọ̀.

Ó ní, "Ibí ni mo fi orógùn tẹ̀. Ẹ̀bà yẹn fẹ́ ṣubú, ni mo fi orógùn tì í."

Mo pariwo! Lóòótọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ ibi tó fi orógùn tẹ̀ ló dà bí ògiri, òun ni ìlà fi fún pọ̀ níbẹ̀. Òdìkejì ẹ̀, tó rọra ń lọ sílẹ̀, ìlà ibẹ̀ jìnnà síra. Ojú mi là báyìí, kàì! Ẹ̀bà náà dìde dúró lórí ìwé ìròyìn. Mo dì mọ́ ìyá mi, mo fi ẹ̀bà ọwọ́ mi kan aṣọ ẹ̀, ó ní kí n fi òun sílẹ̀, kí n jẹ òkè mi kó tó tutù.

Lọ́jọ́ kejì mo sáré dé ọ́fíìsì, mo sọ fún ọ̀gá pé mo ti ń rí i, mo ti ń rí i, sà! Mo fi ìka hàn án lára máàpù ògiri: ibí ga, ibí rọra, ibí odò gbà kọjá láàárín òkè méjì. Ó ní, "Ó dáa, ó dáa." Ó sì yíjú sí tábìlì kejì. Ó ní, "Ọmọ Olókè, nọ́ńbà tó o kọ yìí, ta ló kọ́ ẹ láti kọ ọ́ báyìí? Ó rẹwà." Ó mú un lọ hàn àwọn yòókù. Ayọ̀ tí mo gbé láti Igbudu, ibẹ̀ ló dà nù sí.

Oṣù kẹta wọlé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, iṣẹ́ Orhuwhorun dé, ní ìlú àwọn ará Udu. Àwọn elépo kan fẹ́ kọ́ ibùgbé fáwọn òṣìṣẹ́ wọn níbẹ̀. Ọ̀gá gbé e fún ọmọ Èkìtì, kò gbé e fún mi. Èmi ń ya ọ̀nà kan tí ò lórí tí ò nídìí. Nígbà tó di ọ̀sán, íǹkì mi tán, mo lọ yá íǹkì lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni, ìlà ò pọ̀, àfi ní kọ̀rọ̀ kan, níbi tí òrùka mẹ́rin wà nínú ara wọn. Ẹni tó wọnlẹ̀ ti kọ ogún sára òrùka tó wà níta, àwọn tó wà nínú ni kò kọ nǹkan sí. Àwa la máa ń kọ ọ́. Ó sì ti fi pẹ́ńsù ya àwọn ìlà kéékèèké sára àwọn òrùka náà, wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí eyín ọmọdé, tí gbogbo wọn kọjú sínú. Pẹ́ńsù ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ọ̀gá ti sọ fún wa lẹ́ẹ̀kan, lọ́sẹ̀ kìíní, pé òrùka tó bá léyín, ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀ ń lọ. Kòtò ni.

Ọmọ Èkìtì ò ya eyín kankan. Òrùka ẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó sì ti kọ nọ́ńbà sí wọn pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀ tó rẹwà yẹn: ogún níta, lẹ́yìn náà méjìlélógún, mẹ́rìnlélógún, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láàárín. Ó ti gbé òkè kalẹ̀ ní Orhuwhorun.

Mo bi í, mo díbọ́n, mo ní, "Àwọn nǹkan wínníwínní yìí ńkọ́?"

Ó ní, "Ìyẹn? Ọwọ́ ẹni tó yà á ló gbọ̀n. Bóyá kòkòrò ń jẹ ẹ́."

Kòtò yẹn, mo mọ̀ ọ́n! Mo ti bá ìyá mi lọ ra gàrí ní Orhuwhorun tó ìgbà mẹ́wàá, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ la máa ń gbà. Àwọn tó ń ṣe títì ló gbẹ́ yanrìn ibẹ̀ tí wọ́n fi í sílẹ̀, òjò rọ̀ sí i, ó kún. Ibẹ̀ làwọn obìnrin ti ń rẹ pákí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn. Mo gba ìgò íǹkì náà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní, "O ṣé o," mo padà sídìí tábìlì mi, mo sì fa ìlà kan tó gún jù lọ láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀. Ó ti ṣì í! Ọmọ Olókè ti ṣì í! Mo ń kọrin nínú imú. Ojú òkè ló fi ń wo gbogbo nǹkan, ó rí òrùka, ó rí ilé bàbá ẹ̀. Mo rò ó pé ọ̀gá á wò ó báyìí, á rí i, àga ti di tèmi.

Ọ̀gá wò ó. Ó gbé awò orí wá sójú, ó bẹ̀rẹ̀.

"Òkè!" Ó pariwo. "Nílẹ̀ Udu! Ẹ wá wò ó o, gbogbo bí mo ti ṣe pẹ́ tó ní Wàrí yìí, mi ò mọ̀ pé òkè kan wà níbẹ̀!"

Mo gbàgbé pé ọmọ Abẹ́òkúta lòun náà. Àwọn méjèèjì, ibi tí wọ́n ti bí wọn ni wọ́n ń rí. Ó ní àwọn elépo ti ń wá ibi gíga tí wọ́n máa gbé tánkì omi sí, kí wọ́n má baà náwó púpọ̀ sórí irin abẹ́ ẹ̀, Ọlọ́run sì ti bá wọn wá a. Ó fi pẹ́ńsù pupa ya àgbélébùú kékeré kan sáàárín òrùka náà gan-an, ó fọwọ́ síwèé. Ó ní, "Lọ́jọ́bọ̀, àwa fúnra wa la máa lọ kan èèkàn síbẹ̀."

Ẹnu mi là, mo tún pa á dé. Tí mo bá sọ ọ́ báyìí, ọ̀gá ni mo dójú tì, òun ló sì máa sọ ẹni tó máa jókòó. Ìyẹn ni mo sọ fún ara mi. Irọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n dé ibẹ̀, kí wọ́n rí omi, kí gbogbo ayé yíjú sí i.

Lọ́jọ́rú, nígbà tá à ń jẹun ọ̀sán, ọmọ Èkìtì wá jókòó tì mí.

Ó ní, "Mo fẹ́ sọ nǹkan fún ẹ, má rẹ́rìn-ín. Látìgbà tí mo ti dé Wàrí yìí, ó ń ṣe mí bíi pé orí tábìlì ni mò ń gbé. Kò síbi téèyàn lè fara tì. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè máa ṣàárò òkè. Àná, nígbà tí mo rí òrùka yẹn, mo fẹ́ sunkún."

Ẹ̀pà ló wà lẹ́nu mi.

"Mo ti bẹ ọ̀gá, ó ti gbà pé kí ìwọ náà bá wa lọ. Òkè tó o máa kọ́kọ́ gùn láyé ẹ, mo fẹ́ wà níbẹ̀. Má wọ bàtà gogoro o, wàá ṣubú."

Ṣé ẹ rí irú èèyàn tó jẹ́? Èmi tí mo ti ń retí ìṣubú ẹ̀, ó ń bẹ̀rù kí n má ṣubú. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo jowú ìyẹn náà. Ìwà ẹ̀ tún mọ́ bí ìlà ẹ̀. Kí ló wá kù fún èmi?

Lọ́jọ́bọ̀, mo wọ bàtà gogoro. Nítorí kí ni màá ṣe wọ pẹlẹbẹ? Ọ̀gá jókòó síwájú Lándirófà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, àwa méjì wà lẹ́yìn pẹ̀lú èèkàn àti òòlù. Ọmọ Èkìtì wọ bàtà kánfáàsì, ó di gèlè mọ́rí bí ẹni ń lọ oko. A kọjá afárá, a ya sínú ọ̀nà yanrìn, mọ́tò ń gbé wa sókè sódò. Ó tú báàgì ẹ̀. Ó yọ nǹkan méjì tó fi bébà wé, ó ṣì gbóná.

"Dùndún ni," ló wí. "Láàárọ̀ yìí ni mo dín in. Èèyàn kì í gun òkè kó má jẹun lókè. Tìẹ rèé."

Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Òróró ẹ̀ ń yọ lára bébà, ó ń jó mi lórí itan. Mo wo iṣu yẹn. Mi ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ohùn mi ni mo kàn gbọ́.

"Kò sí òkè níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lo wí?"

"Kò sí òkè. Kòtò ni. Àwọn nǹkan wínníwínní yẹn, eyín ni. Kòtò tó kún fómi ni."

Ọ̀gá yíjú padà. "Ta ló ní kòtò?"

Dírẹ́bà wa, tó jẹ́ ọmọ Udu gan-an, ló bọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó ní, "Oga, she talk true. Na where dem dig sand for road be dat. My pikin dem dey swim inside."

Ọ̀gá ní, "And you no fit tell me?"

"Oga, you no ask me. You say make I drive, I dey drive."

A dé ibẹ̀. Omi ni, ó tẹ́ rẹrẹ, ó dúdú bíi tíì tí ò ní mílíìkì. Àwọn ọmọdé mẹ́ta wà nínú ẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n ń wò wá. Ìyá kan ń fa àpò pákí jáde létí ẹ̀, òórùn ẹ̀ kan wá nímú. Ọ̀gá gbé èèkàn lọ́wọ́ kan, òòlù lọ́wọ́ kejì, kò mọ ibi tó máa kàn án sí. Dírẹ́bà yọjú wo omi náà, ó ní, "At least, Oga, the tank go get water."

Ọmọ Èkìtì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú, ó jókòó sílẹ̀. Ìgbà tó yá, mo rí i pé ẹ̀rín kọ́ mọ́. Ó ń fi etí gèlè nu ojú.

Ọ̀gá ò bínú sí i. Ó ní, "Èmi náà fọwọ́ sí i. Ojú mi là, mo fọwọ́ sí i." Ó wá wò mí. "Ìwọ. Ìgbà wo lo mọ̀?"

Mo lè purọ́. Mo lè sọ pé ìgbà tá a ya sínú ọ̀nà yanrìn ni mo rántí. Ẹ̀rí ọkàn mi ò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ẹ má gbóríyìn fún mi; iṣu yẹn ló ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sà."

Ọmọ Èkìtì gbójú sókè. Kò pariwo. Ó ní, "Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun? O sì jẹ́ kí n dín iṣu?"

Títí di ìsinsìnyí, tí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, mo máa ń fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Kò jẹ iṣu tiẹ̀, èmi náà ò lè jẹ tèmi. Dírẹ́bà jẹ méjèèjì.

Nígbà tá a padà dé ọ́fíìsì, ọ̀gá ní kí àwa méjèèjì jọ tún un ṣe. Tí íǹkì bá ti gbẹ lórí bébà yẹn, bíléèdì la fi ń ha á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má baà lu. Èmi di bébà mú, òun ń ha nọ́ńbà. Méjìlélógún lọ, mẹ́rìnlélógún lọ. Eruku íǹkì dúdú ń já sórí ọwọ́ mi, ó fẹnu fẹ́ ẹ kúrò, fùù. Nígbà tó ha mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kúrò láàárín, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mú pẹ́nì. Ó kọ méjìdínlógún, mẹ́rìndínlógún, ó sì kọ mẹ́rìnlá sí àárín. Ó ya gbogbo eyín náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rẹwà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n purọ́, kòtò tó rẹwà jù lọ tí mo tíì rí lórí bébà. Mo tún jowú ẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ọ̀gá pè wá. Èmi ti ń ro bí màá ṣe sọ fún ìyá mi pé wọ́n lé mi.

Ó ní, "Ọmọ Odò, ìwọ ni màá mú. Má tíì rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tiẹ̀ dára ju tìẹ lọ, ìwà tiẹ̀ náà dára ju tìẹ lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tá à ń yà níbí, kòtò ló pọ̀ níbẹ̀, ìwọ sì mọ̀ wọ́n. Tó o bá tún rí nǹkan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó o wá sọ ọ́ lọ́jọ́bọ̀, Igbudu ni wàá bá ara ẹ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà! Ẹ ṣeun, sà!"

Ó yíjú sí ọmọ Èkìtì. Ó ní òun ní ọ̀rẹ́ kan ní ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ní Àkúrẹ́, wọ́n ń wá ẹni tó lè ya ilẹ̀ olókè, àwọn tó wà níbẹ̀ ń gbé ìlà gun ara wọn. Òun ti kọ lẹ́tà sí i. Tó bá wù ú.

Tó bá wù ú! Ẹ bá mi wo ojú ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀.

Èmi tí mo gba iṣẹ́, mo dúró síbẹ̀, inú mi ń dùn, mò ń fò nínú ara mi bí ẹja. Àmọ́ ẹ̀rù ba mí nígbà tí mo mọ ohun tó tún wà nínú ìdùnnú náà. Ó ń lọ síbi tí òkè wà. Wọ́n á máa sanwó fún un láti wo òkè.

Mo sìn ín lọ sí gáréèjì, mo bá a gbé àpótí ẹ̀. Ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé.

Mo ní, "Ṣé o ṣì ń bínú sí mi?"

Ó rò ó. "Mo ṣì ń bínú díẹ̀. Nítorí iṣu."

"Má bínú."

"Ó máa tán. Àmọ́ kì í ṣe lónìí."

Àgbèrò ń lu ara mọ́tò, ó ń pariwo, "Benin! Akure! Enter with your change o!" Mi ò fẹ́ kó lọ. Mo di irin fèrèsé náà mú, mo bi í ní ohun tó ti wà lọ́kàn mi látọjọ́ tí mo ti rí i níwájú máàpù.

"Téèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé yín, òkè mélòó ló lè rí?"

Ojú ẹ̀ yí padà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á, ó ń dá orúkọ wọn, ó ń sọ èyí tó ní igi lórí àti èyí tó pá bí orí àgbà. Ìka ẹ̀ ti dé mẹ́fà nígbà tí mọ́tò gbéra, èmi sì ń sá tẹ̀ lé e lórí bàtà gogoro, mo ń pariwo pé kó má tíì dákẹ́.